Orúkọ Onílù Nínú Àmì-Ẹ̀yẹ Grammy

Ọ̀rọ̀ mi lónìí dá lórí Grammy, àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n ti ń fún àwọn olórin ní Amẹ́ríkà láti 1959. Kò ṣàjèjì sí àwọn ọmọ wa. Burna Boy gbà á ní 2021. Tems gba òmíràn ní 2025 pẹ̀lú "Love Me JeJe", tó gbé lé orin tí Ṣèyí Ṣódìmú kọ ní 1997. Gbogbo ìgboro ló yọ̀, èmi náà yọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ń ka orúkọ àwọn olùborí, etí mi máa ń wà lọ́dọ̀ àwọn tí wọn kì í kà.

Ẹ wo King Sunny Adé. Àwo rẹ̀ Synchro System, tó jáde ní 1983, ló kọ́kọ́ mú un wọ àárín àwọn tó ń du Grammy. Wọn kò tíì ní ìsọ̀rí orin àgbáyé nígbà náà. Abẹ́ orin ìbílẹ̀ ni wọ́n ti jùjú rẹ̀ sí. Ó tún du ú pẹ̀lú Odù tó jáde ní 1998. Kò gbà á lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ẹni tó bá gbọ́ àwọn àwo ìgbà yẹn dáadáa yóò mọ̀ pé kì í ṣe gìtá nìkan ló gbé Sunny dé òkè òkun. Gàngàn Rasaki Aládòkun ń bẹ níbẹ̀. Bí Sunny bá dákẹ́, gàngàn á gba ọ̀rọ̀ sọ: onílù á fún ọṣán mọ́ abíyá, ohùn á gòkè, á dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀, kọ̀ǹgọ́ á máa já ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Yorùbá tó wà lágbo á gbọ́ òwe náà yékéyéké. Ẹni tó ń dìbò ní Los Angeles, tó kà á sí ìró ìlù lásán, kò gbọ́ tó ìdajì orin náà.

Ní 1992 ni wọ́n kọ́kọ́ fúnni ní Grammy fún àwo orin àgbáyé. Planet Drum ló gbà á, àwo tó jẹ́ ìlù látòkè délẹ̀. Mickey Hart, onílù ẹgbẹ́ Grateful Dead, ló kó àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n onílù jọ: Zakir Hussain láti Íńdíà, Airto Moreira láti Bràsíìlì, Giovanni Hidalgo láti Puerto Rico, àti ọmọ wa méjì, Babátúndé Ọlátúnjí àti Síkírù Adépọ̀jù. Orúkọ Hart ni wọ́n fi pe olùborí.

Ọlátúnjí kì í ṣe ẹni à ń fi sẹ́yìn. Ọmọ Ajídò lẹ́bàá Badagry ni, ó wá ìwé lọ sí Morehouse ní Atlanta ní 1950, àwo rẹ̀ Drums of Passion sì jáde ní 1960. Ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà ti ka àwo yẹn mọ́ àwọn tí kò gbọ́dọ̀ parun. Síkírù ní tirẹ̀, ọmọ Àyàn láti Ẹ̀rúwà ni. Inú ilé ló ti kọ́ ìlù, ó sì lù fún Ebenezer Obey kó tó rékọjá sókè òkun. Ní 2009, Global Drum Project gba Grammy. Onílù mẹ́rin ni wọ́n pè lọ́tẹ̀ yìí: Hart, Hussain, Hidalgo, Adépọ̀jù.

Ọdún 17 ló wà láàrin méjèèjì. Kí ló yí padà? Ẹ̀yìn àwo ni. Hart nìkan ló ni Planet Drum lórí ìwé. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló jọ ni èkejì. Ohun tí wọ́n bá kọ sára àwo ni Grammy ń tẹ̀ lé. Àní nínú ìdíje àwo tó dára jù lọ lọ́dún, òfin tí wọ́n kéde ní 2023 ní kí akọrin, ẹni tó kọ orin, olùgbéjáde àti ẹlẹ́rọ ti ṣiṣẹ́ lórí ó kéré tán 20% àwo náà kí wọ́n tó lè gba ère. Onílù tí wọ́n pè wá ṣiṣẹ́ ọ̀sán kan kò sí níbẹ̀. Ọmọ wa Lékan Babalọlá lùlù nínú In the Heart of the Moon ti Ali Farka Touré àti Toumani Diabaté, tó gba Grammy ní 2006. Mélòó nínú wa ló mọ̀?

Ní 2025, wọ́n gbé Zombie ti Fẹlá, àwo 1976, wọ ilé ògo Grammy. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, ó ti pẹ́ jù pàápàá. Ta ló wà nídìí ìlù? Tony Allen ni, ẹni tí Fẹlá fúnra rẹ̀ gbà pé láìsí i, kò ní sí Afrobeat.

N kò dá Amẹ́ríkà nìkan lẹ́bi. Lóde ìgbéyàwó wa, onílù ló ń pe olúkúlùkù lórúkọ, òun ló mọ oríkì bàbá rẹ jù ọ́ lọ. A ó ná an lówó dé iwájú orí, a ó jó, a ó sì lọ sílé láì béèrè orúkọ rẹ̀. Èyí ló ń dùn mí jù.

Mo bẹ àwọn tó ń ṣètò Headies, tó ti wà láti 2006, kí wọ́n ya àmì-ẹ̀yẹ kan sọ́tọ̀ fún onílù. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ gbé àwo àpàlà, sákárà, jùjú àti fújì tó wà nílé òbí yín, ẹ bi àwọn àgbà pé ta ló lù ú, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó papò dà. Ẹ̀yin tó ń gbé orin jáde, kí ẹ tó fi orin síta lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fọ́ọ̀mù kan wà tí ẹ ń kọ orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ sí. Ẹ kọ orúkọ onílù sí i. Àyè rẹ̀ wà níbẹ̀.