Ewé Kan Náà, Ara Kò Jẹ́ Ọ̀kan: Ìdí Tí Gbogbo Ológìnní Kì í Fi í Dáhùn sí Ewé Catnip

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde

  

N kò ní pẹ́ lórí ìtumọ̀, nítorí ẹni tí ó bá ti jókòó sínú gbọ̀ngàn yìí ti kúrò ní ẹni tí a ń kọ́ ní a, b, d. Ewé catnip, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Nepeta cataria, jẹ́ ìbátan efinrin tí ń bẹ lẹ́yìn ilé wa. Ilẹ̀ Yúróòpù àti Éṣíà ni ó ti ṣẹ̀ wá. Òórùn tí ń bẹ nínú rẹ̀ ni nepetalactone, èyí tí Samuel McElvain àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Wisconsin ṣe àwárí rẹ̀ ní 1941. Bí ológìnní tí ó bá lára mu bá gbóòórùn rẹ̀, yóò fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ra á, itọ́ yóò máa dà lẹ́nu rẹ̀, yóò yí gbirigbiri nílẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 5 sí 15, yóò sì dìde lọ jẹ́ẹ́, bí o tilẹ̀ tún fi ewé náà sí i nímú, kò ní kà á sí fún bíi wákàtí kan. Imú ni ó ń gbà wọlé. Kìnnìún pàápàá a máa yí. Ṣùgbọ́n nínú ológìnní 3 tí ó ti dàgbà, bíi 2 ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta yóò gbóòórùn, yóò wo ojú olówó rẹ̀, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ ológìnní tí kò tíì pé oṣù 3 kì í sábà dá sí i rárá. Kí ló fa ìyàtọ̀ yìí láàárín ẹranko tí wọ́n jọ jẹ́ ẹ̀yà kan, tí wọ́n tilẹ̀ lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà?

Ìjà àtijọ́ wà níbí, n kò sì lè fò ó dá. Ní 1962, Neil Todd, ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé jíìnì kan ṣoṣo ni ó ń pàṣẹ ọ̀rọ̀ yìí, pé ọ̀dọ̀ òbí kan péré tí ọmọ ti gbà á ti tó láti sọ ọ́ di ẹni tí ń yí. Ẹni ọ̀wọ̀ ni Todd. Òun ló kọ́kọ́ fi ìran ológìnní wá ìdí ọ̀rọ̀ náà, nígbà tí àwọn mìíràn ń sọ pé ìwà ìbàjẹ́ ni. Àwọn tí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo bá ní ìjà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, tí mo rí i nínú ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ, jíìnì kan, jíìnì kan, bí ẹni ń ka àdúrà, tí ẹnikẹ́ni kò bi ara rẹ̀ léèrè pé ológìnní mélòó ni ọkùnrin náà wò, àti pé kí ni ó kà sí ìdáhùn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì California ní Davis ní 2011 fi hàn pé ìran ní ọwọ́ ńlá nínú rẹ̀ ní tòótọ́, ṣùgbọ́n jíìnì púpọ̀ ni ó pa ọwọ́ pọ̀ ṣe é. Ní 2017, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Mẹ́síkò tún wo àwọn ológìnní tí a ti kà sí aláìdáhùn, wọ́n rí i pé bí wọn kò tilẹ̀ yí, wọ́n ń dákẹ́ igbe, wọ́n ń lúgọ sílẹ̀, wọ́n káwọ́ sábẹ́ àyà. Ẹ ṣàkíyèsí èyí: ẹni tí ó ń ka kìkì àwọn tí ń yí ti gbàgbé àwọn tí ewé náà mú ní ìdákẹ́jẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń ka ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì níbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbé àbá ẹnì kan mì bí ẹni gbé ẹ̀bà láìjẹ.

Kí ọ̀rọ̀ yìí má bàa dà bí ọ̀rọ̀ òkèèrè lójú yín, mo fẹ́ fà á wá sí àárín ilé. Àpẹẹrẹ tí ó wà lọ́kàn mi láti ìgbà èwe kì í ṣe ti ẹranko, ti ènìyàn ni. Gbogbo ẹni tí ó dàgbà ní ilẹ̀ yìí kí 2005 tó dé, ọdún tí ìjọba pàrọ̀ oògùn ibà wa sí àwọn tí ó ní artemisinin nínú, mọ kilorokúìn. Hans Andersag ni ó ṣe é ní Jámánì ní 1934, ó sì gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Ó korò bí orógbó, ṣùgbọ́n ìkorò kọ́ ni ẹ̀rù rẹ̀. Bí ibà bá mú èmi àti ẹ̀gbọ́n mi papọ̀, tí Ìyá wa pín oògùn náà fún wa láti inú ìgò kan náà, èmi yóò sùn di àárọ̀; ẹ̀gbọ́n mi kò ní fojú kan oorun. Ara rẹ̀ yóò máa yún un láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí, yóò fẹ̀yìn ha ògiri, yóò máa tẹ ẹsẹ̀ mọ́ sìmẹ́ǹtì tútù, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò ní rí kókó kan ṣoṣo lára rẹ̀ tí ẹ lè nàka sí. Ní ilé ìtọ́jú tí a ti ń gba oògùn náà, wọ́n sọ fún Ìyá wa pé ọmọ náà ń ṣe àṣejù ni, pé kò fẹ́ lo oògùn. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ ẹgba nítorí ohun tí a bí mọ́ ọn. Ó ń dùn mí títí di òní.

Mo bá ẹ̀yin òbí wí díẹ̀, ẹ má bínú. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí ara kì í yún ni ó ń ṣe adájọ́ ẹni tí ara ń yún. Mélòó nínú wa ni ó ti dá ọmọ dùbúlẹ̀, tí ó fún un ní imú pa, tí ó da oògùn náà sí i lẹ́nu, tí ó sì tún bú u ní òru nígbà tí ó ń ha ara? Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ilẹ̀ wa ni ó dúró ti àwọn ọmọ wọ̀nyí. Wọ́n fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé yíyún náà jẹ́ òótọ́, pé ó wọ́pọ̀ lára àwa ènìyàn dúdú ju ẹ̀yà mìíràn lọ, pé a máa rìn nínú ẹbí. Bí ẹni bí ni là á jọ. Ní 2004, Adesuyi Ajayi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tí ó fi hàn pé naltrexone, oògùn tí ń dí ojú ibi tí mọ́fíìnì ń gbà ṣiṣẹ́ lára, ń dín yíyún kilorokúìn kù. Lẹ́yìn náà, ní 2009, àwọn onímọ̀ mìíràn rí ibi tí kilorokúìn gan-an ti ń dá iṣan lóró ní awọ ara: wọ́n mú eku tí wọ́n ti yọ ibẹ̀ kúrò lára rẹ̀, wọ́n fún un ní oògùn náà, eku kò ha ara mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ di ọ̀rọ̀ mọ́fíìnì yẹn mú, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ológìnní. Ní 2021, Masao Miyazaki àti Reiko Uenoyama ti Yunifásítì Iwate ní Japan, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí matatabi, ewé mìíràn tí ológìnní fẹ́ràn, rí i pé bí ẹranko náà bá ti ra ewé yìí, beta-endorphin, ohun ìdùnnú tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀, a pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fún un ní naloxone ṣáájú, ó gbóòórùn ewé ṣùgbọ́n kò wù ú láti ra á. Ọmọ ìyá ni naloxone àti naltrexone. Ojú ihò kan náà ni wọ́n ń dí. Ohun tí ó mú ológìnní yọ̀ àti ohun tí ó fi òru jẹ ẹ̀gbọ́n mi níyà ń gba ẹnu ọ̀nà ìbátan kọjá nínú ara, bí a bá sì ti bí ẹnìkọ̀ọ̀kan ni ẹnu ọ̀nà náà ṣe gbòòrò sí. Èyí ni ohun tí mo wá sọ. Ọjọ́ orí kún un, wákàtí tí ó gbóòórùn kẹ́yìn kún un, ibi tí ó wà kún un, nítorí ológìnní tí ẹ̀rù ń bà kì í ṣeré. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni àbùdá, kò sí ti ìwàkíwà níbẹ̀.

Àkókò ń lọ, alága ti wo aago. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ gígùn lórí ẹ̀fọn, èmi yóò gé e kúrú: àwọn ará Japan náà rí i pé ẹ̀fọn kì í fẹ́ bà lé orí ológìnní tí ó ti fi ewé matatabi ra ojú, nítorí náà ó lè jẹ́ pé ara ààbò ni yíyí náà ti ṣẹ̀.

Ti àwọn tí kò dáhùn: nínú ìdánwò kan tí a tẹ̀ jáde ní 2017, nǹkan bí 3 nínú 4 àwọn ológìnní tí catnip kò mú ni matatabi mú. Gbòǹgbò valerian a máa mú òmíràn.

Ti efinrin, tí ẹ ó bi mí: thymol ni ó pọ̀ nínú tiwa, kò ní nepetalactone, ológìnní yín kò ní yí fún un. Ẹ má sì gún un pa á lára láti fi lé ẹ̀fọn, nítorí ẹ̀dọ̀ ológìnní kò lágbára láti fọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bíi ti ènìyàn, ó sì lè ṣe é ní ìjàǹbá.