Póìǹtì Dọ́gba, Ẹ̀dá-ìtàn Ò Dọ́gba



Nínú eré tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, àwọn òṣèré á jókòó yí tábìlì ká, atọ́kùn á máa pìtàn, olúkúlùkù á sì máa sọ ohun tí ẹ̀dá-ìtàn tirẹ̀ ṣe. Nígbà tí Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974, dáìsì ló ń pín agbára àti ọgbọ́n; ẹni tí kò bá ṣoríire á fara mọ́ ohun tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́. Champions dé ní 1981, ó fún àwọn òṣèré ní póìǹtì iye kan náà kí wọ́n fi ra ohun tó wù wọ́n. GURPS, tí Steve Jackson ṣe, tẹ̀ lé e ní 1986. Òun ni mo fẹ́ yẹ̀ wò fínnífínní.

Nínú GURPS, 10 ni ẹ̀dá-ìtàn ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú nǹkan mẹ́rin: agbára, ìjáfáfá ara, ọpọlọ àti ìlera. Láyé àtijọ́, iye kan náà ni wọ́n ń ta mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Orí ìjáfáfá ni idà jíjà, ọfà títa àti ẹṣin gígùn dúró lé. Ẹni tó bá fi ẹyọ kan kún un, gbogbo wọn ló gbé sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó ra agbára, ẹrù rírù àti ẹ̀ṣẹ́ líle ló rí rà.

Ẹ wo dáìsì náà. Mẹ́ta ni wọ́n ń dà, àpapọ̀ wọn kò sì gbọdọ̀ ju iye ìmọ̀ ẹni nínú ohun tó ń ṣe lọ. Ọ̀nà 216 ni dáìsì mẹ́ta lè gbà já. Ẹni tó ní 10 á yege nínú 108. Ẹni tó ní 11 á yege nínú 135. Ṣùgbọ́n láti 15 sí 16, ọ̀nà 6 péré ló kún un; ìpele kan kì í mú àǹfààní kan náà wá níbi gbogbo.

Ní 2004, ẹ̀dà kẹrin sọ ìpele kan ìjáfáfá tàbí ọpọlọ di póìǹtì 20, ti agbára àti ìlera sì jẹ́ 10. Àtúnṣe gidi ni, mo sì gbóríyìn fún wọn. Síbẹ̀, iye tí wọ́n kọ sínú ìwé kò lè mọ ìtàn tí atọ́kùn fẹ́ pa. Ẹni tó bá gba àbùkù fún ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀, eré á dá póìǹtì padà fún un. Bí ẹnìkan bá ní òun ń bẹ̀rù òkun, tí ìtàn sì wà láàárín aṣálẹ̀ látòkèdélẹ̀, ọ̀fẹ́ ló gba póìǹtì yẹn, alábàáṣeré rẹ̀ ló sì rẹ́ jẹ.

Bákan náà, ẹ fún jagunjagun ní póìǹtì 150, ẹ fún oníṣòwò tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ ní 150. Bó bá jẹ́ pé ogun nìkan ni wọ́n ń jà, oníṣòwò á kàn máa wòran ni. Nítorí náà, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí atọ́kùn gba ìwé ẹ̀dá-ìtàn kọ̀ọ̀kan, kó fi ìka tọ́ka sí ìmọ̀ kọ̀ọ̀kan, kó bi ara rẹ̀ pé ibo ni èyí ti máa wúlò. Àbùkù tí kò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kó má fún un ní póìǹtì kankan. Oníṣòwò tí kò ríbi sọ̀rọ̀, kó fi ọjà kan sínú ìtàn fún un, tàbí kó jẹ́ kó tún póìǹtì rẹ̀ pín kí wọ́n tó jókòó lẹ́ẹ̀kejì.