Egbò Ètè àti Ọjọ́ Dókítà Eyín

  

Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí egbò wẹ́wẹ́ tó máa ń yọ sí etí ètè, èyí tí àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní bouton de fièvre. Ẹ jẹ́ ká ní dókítà eyín ti dá ọjọ́ fún yín. Ó ku ọ̀la, ètè bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta yín. Kílẹ̀ tó mọ́, ó ti lé ròrò, omi ti wà nínú ẹ̀. Ṣé kẹ́ ẹ lọ ni, àbí kẹ́ ẹ jókòó sílé?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń fà á. Ibà kọ́ ló bí i. Kòkòrò kan tójú ò lè rí, herpès lorúkọ ẹ̀, ló wà nídìí ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn kó o ní kékeré, níbi tí wọ́n ti ń fẹnu kò wọ́n lẹ́nu. Kò yẹ kó ti ẹnikẹ́ni lójú. Tó bá ti wọ ara, kì í jáde mọ́, ṣe ló máa ń sùn. Ibà, àárẹ̀, oòrùn tó mú jù, gbogbo ẹ̀ ló lè jí i.

Ìgbà tó bá lómi nínú ló ń ràn jù, àmọ́ ó ṣì ń ràn títí èépá ẹ̀ á fi bọ́ tán. Ìyẹn lè tó ọjọ́ 7 sí 10, nígbà míì ọ̀sẹ̀ 2. Tẹ́ ẹ bá lọ jókòó sórí àga dókítà eyín lákòókò yẹn, ẹ máa la ẹnu gbàgà, ètè á ya, á ṣẹ̀jẹ̀, egbò á tún tàn. Ẹ̀rọ tó fi ń fọ eyín ń fín omi, itọ́ yín lè tà sí i lójú, ó sì lè ba ojú jẹ́. Ojú tiyín náà ńkọ́?

Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ fọ eyín ni, tàbí ẹ fẹ́ dí ihò eyín tí kò dùn yín, ẹ má lọ. Kẹ́ ẹ tó sanwó ọkọ̀, kẹ́ ẹ tó ti ìsọ̀, ẹ pè wọ́n: "Egbò yọ sí mi létè, ẹ bá mi sún ọjọ́ síwájú." Wọ́n á dá ọjọ́ mìíràn.

Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí dáadáa o, torí òun ló lè pa èèyàn. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú, bí ibà bá tẹ̀lé ìrora eyín, bẹ́nu ò bá ṣeé là, bí itọ́ ò bá ṣeé gbé mì, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ò dá lójú eyín tí wọ́n yọ, ẹ má dúró kí egbò ètè jiná. Ẹ lọ lọ́jọ́ náà. Bí èémí bá ń ṣòro, òru ò ṣòru mọ́, ẹ gbéra. Ọyún eyín lè sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀fun, kó dí ọ̀nà èémí. Ẹ kàn sọ fún ẹni tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ bá pé egbò wà létè yín, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo ara wọn. Ẹ má fi òróró bò ó kí wọ́n má bàa rí i.

Nílé, ẹ má fọwọ́ tú u. Bọ́wọ́ bá kàn án, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ojú. Ife lọ́tọ̀, síbí lọ́tọ̀, pákò lọ́tọ̀. Oògùn wà, àmọ́ ìgbà tí ètè ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta ló wúlò jù. Ẹ béèrè nílé ìwòsàn, ẹ má rà á lórí igbá. Bó bá kọjá ọ̀sẹ̀ 2 tí kò san, ẹ wá ká wò ó.

Èyí tó kẹ́yìn: bí egbò bá wà létè yín, ẹ má fẹnu ko ọmọ tuntun. Egbò kékeré lásán lára àgbà lè pa ọmọ jòjòló. Àlejò tó bá ní i, ẹ ní kó fi ojú kí ọmọ o.