Róbínẹ̀ Oko: Bí A Ṣe Ń Yàn Án àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

 

Lónìí, ọ̀rọ̀ róbínẹ̀ oko ni a fẹ́ jọ sọ. Ní agbègbè Àjàṣẹ́ àti Àjàrá, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń gbin tòmátì, gbọ̀mọ̀ àti ata ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní Kétu, omi inú ilẹ̀ jìn púpọ̀. Ní ilẹ̀ Ṣábẹ̀, àwọn mìíràn ń fa omi odò. Níbi gbogbo, owó ni a fi ń rí omi. Mọtopọ́ńpù ń mu ẹ̀sáǹsì, ẹ̀sáǹsì kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́. Bí róbínẹ̀ bá ń jò, owó wa ni ó ń ṣàn lọ.

Ẹ wo oko kan tí èèyàn 6 jọ ń fi mọtopọ́ńpù kan bomi rin. Olúkúlùkù ní róbínẹ̀ tirẹ̀. Nígbà tí ó kan ẹni tí ó wà ní ìsàlẹ̀, omi rẹ̀ kò lágbára. Tòmátì rẹ̀ ń rọ. Ó ní àwọn ti òkè ń jí omi òun ṣí. Àwọn ti òkè ní irọ́ ni. Ìjà dé. Bẹ́ẹ̀, kò sí olè níbẹ̀. Iyanrìn ló há sí ẹnu róbínẹ̀ 2 ní òkè, wọn ò lè tì dáadáa mọ́. Ṣé ẹ rí i? Kí á tó pe ẹnìkejì wa ní olè, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo róbínẹ̀.

Irú róbínẹ̀ tí a ní

Èkíní ni èyí tí ó ní kẹ̀kẹ́ kékeré lórí. A máa ń yí i lẹ́ẹ̀mélòó kan kí ó tó ṣí tán. Irin pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀ tí ń gòkè, tí ń sọ̀kalẹ̀ bí ìlẹ̀kùn. Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ ní àbọ̀. Omi yóò máa gbọn irin náà, yóò sì jẹ ẹ́. Bí ẹ bá ṣí i tán, ẹ dá a padà díẹ̀ kí ó má baà há.

Èkejì ni èyí tí ó ní ọwọ́ gígùn. Bọ́ọ̀lù tí a lu ihò sí ló wà nínú rẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá tẹ̀ lé tùyóò, ó ṣí. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dábùú tùyóò, ó tì. Kódà láti òkèèrè, ẹ ó mọ èyí tí ó ṣí.

Ẹ̀kẹta kò ní ọwọ́ rárá. Ìsàlẹ̀ tùyóò tí ó wọ inú kànga ni ó máa ń wà, pẹ̀lú asẹ́. Ó ń jẹ́ kí omi gòkè, kì í jẹ́ kí ó padà sísàlẹ̀.

Bí a ṣe ń yàn án

Kí ẹ tó lọ sí ọjà, ẹ ka nọ́ńbà tí ó wà lára tùyóò yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé. Tùyóò 50 ń fẹ́ róbínẹ̀ 50. Bí ẹ bá fi kékeré sí i nítorí owó, ọ̀nà omi há nìyẹn. Mọtopọ́ńpù yóò pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, yóò sì mu ẹ̀sáǹsì jù. Róbínẹ̀ oníke kò wọ́n, kì í sì í dípẹtà, ṣùgbọ́n oòrùn máa ń mú un sán. Ẹ fi nǹkan bò ó. Ti idẹ wọ́n, ṣùgbọ́n ó lágbára.

Bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀

1. Ẹ máa ti róbínẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá tì í lójijì, omi yóò kọlu tùyóò, tùyóò lè bẹ́.
2. Bí mọtopọ́ńpù bá ń ṣiṣẹ́, ẹ ṣí ti ẹni tí ó kàn ná, kí ẹ tó ti ti ẹni tí ó ti ṣe tán.
3. Lóṣooṣù, ẹ ṣí gbogbo róbínẹ̀, kí ẹ sì tì wọ́n, kódà èyí tí ẹ kò lò.
4. Ẹ máa fọ asẹ́.

Bí ó bá bàjẹ́ ńkọ́?

Bí a bá tì í tí omi kò dúró, ẹ má fi ipá fún un. Ẹ ṣí i tán, kí omi gbé iyanrìn lọ, kí ẹ tún tì í. Bí kò bá gbọ́, ẹ pa mọtopọ́ńpù, ẹ jẹ́ kí omi inú tùyóò jáde, kí ẹ tó tú u. Ó lè jẹ́ rọ́bà inú rẹ̀ ló ti jẹ.

Bí ó bá ń jò ní ọrùn, ẹ fún nọ́ọ̀tì ọrùn náà díẹ̀, kó má pọ̀ jù.

Bí mọtopọ́ńpù kò bá rí omi fà ní òwúrọ̀, àfi kí ẹ tún bu omi sí i lójoojúmọ́, ẹ fa tùyóò inú kànga jáde. Pàǹtí ti há sí ẹnu róbínẹ̀ ìsàlẹ̀ nìyẹn, àbí tùyóò ti lu.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò

Ẹ gbé agolo lítà 1 sábẹ́ róbínẹ̀ tí ń jò. Bí ó bá kún ní wákàtí 1, lítà 24 ni lójúmọ́. Ní ọjọ́ 30, lítà 720 ni. Àgbá lítà 200, mẹ́ta ni ó kún, lítà 120 sì tún ṣẹ́kù! Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ẹ̀yin ará, rọ́bà kékeré kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko tí ó gbẹ. Kí ẹgbẹ́ yan ẹni 1 tí yóò máa wo gbogbo róbínẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ó sì máa kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. A ti mọ ìwé kọ, ẹ jẹ́ kí á fi ṣiṣẹ́.

Ìbéèrè

1. Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé róbínẹ̀ ọlọ́wọ́ gígùn ṣí?
2. Kí ló dé tí a kò gbọ́dọ̀ ti róbínẹ̀ lójijì?
3. Róbínẹ̀ kan ń jo lítà 2 ní wákàtí 1. Lítà mélòó ni lójúmọ́?
4. Nínú ẹgbẹ́ yín, ta ni yóò máa wo róbínẹ̀?