Gìtá Àtijọ́ àti Irin Ara Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ fún ìjíròrò ní alẹ́ òní lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn olórin nìkan. Ìbéèrè náà ni pé: bí a bá yọ irin ara gìtá àtijọ́, tí a sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀, ṣé gìtá àná ni ó ṣì wà lọ́wọ́ wa? Bí ẹ bá fara balẹ̀ gbọ́ mi, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ogún ni, ó sì kan gbogbo wa.

Ẹ jẹ́ kí n ti ilé bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ta gìtá nínú ẹgbẹ́ olórin jùjú kan ní Ìkéré. Nígbà tí àgbà dé sí i, ó fà á lé mi lọ́wọ́ níhìn-ín ní Adó-Èkìtì. Àwọn irin kéékèèké tí ó wà ní orí gìtá, èyí tí a fi ń fún okùn le tàbí tí a fi ń dẹ̀ ẹ́, etí gìtá ni òun ń pè wọ́n. Àwọn etí náà ti dípẹtà, wọn kò lè di okùn mú mọ́. Mo gbé gìtá náà tọ ẹnì kan tí ń tún un ṣe lọ. Ó ra etí tuntun tí ń dán gbinrin, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn tóbi ju ihò àtijọ́ lọ. Ó lu ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fẹ̀, ó sì da àwọn etí àtijọ́ nù. Gìtá náà dún dáadáa, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá gbé e lé ẹsẹ̀, ó fi ọwọ́ pa á lórí, ó ní, “Ọmọ mi, etí rẹ̀ dà?” Mo dọ̀bálẹ̀, n kò rí èsì fọ̀. Ẹ̀bi náà, tèmi ni ju ti oníṣẹ́ lọ, nítorí n kò kìlọ̀ fún un pé kí ó má fọwọ́ kan igi.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun kékeré ni ohun tí a ń dè mọ́ ara ohun èlò orin. Ní 1949, Àyìndé Bákàrè, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú olórin jùjú, ń wá bí ohùn ohun èlò rẹ̀ yóò ṣe ta yọ láàárín ìlù. Ó fẹ́ lẹ makirofóònù mọ́ ọn, ṣùgbọ́n bánjò kékeré tí ó ń ta nígbà náà kò ní ibi tí ó ṣeé lẹ̀ ẹ́ mọ́. Nítorí èyí ni ó ṣe fi bánjò sílẹ̀, tí ó mú gìtá onípákó. Nípa báyìí, ibi tí a ó so ẹ̀rọ kan mọ́ ni ó sọ ohun tí ohùn orin jùjú yóò dà, kí I. K. Dáíró, Ebenezer Obey àti Sunny Adé tó gbé gìtá oníná dé ibi tí wọ́n gbé e dé.

Ní òkè òkun ńkọ́? Ní 1950, Leo Fender ní California gbé gìtá oníná tí ara rẹ̀ jẹ́ odindi pákó jáde, èyí tí a wá mọ̀ sí Telecaster. Lórí afárá tí okùn ń gbà kọjá, ègé idẹ mẹ́ta péré ni ó fi sí i, okùn méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá sún ègé kan kí okùn kan lè dún gún, èkejì yóò yà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni irin rọ́pò idẹ, tí a sì wá fún okùn kọ̀ọ̀kan ní ègé tirẹ̀ lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Stratocaster dé ní 1954, a sì fi bóòtù mẹ́rin de ọrùn rẹ̀ mọ́ ara. Ilé-iṣẹ́ CBS ra Fender ní 1965. Nígbà tí ọdún 1971 ń parí lọ, bóòtù mẹ́rin di mẹ́ta, ọ̀pọ̀ olórin sì kùn sí i. Ní 1982, Fender tún padà ṣe àwòṣe ti 1957 àti ti 1962, nítorí ohun àtijọ́ ni àwọn ènìyàn ń béèrè.

Ẹ wo ohun ìyanu! Àwọn tí ń ṣe àwòṣe a máa ṣe àwòṣe àléébù pẹ̀lú. Ègé idẹ mẹ́ta tí kò jẹ́ kí okùn gún régé tún padà sára gìtá tuntun, a sì ń fi owó gidi rà á. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa ní, bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ilé-iṣẹ́ lè ṣe irin bí ti 1957; kò lè ṣe ibi tí òógùn ìka ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti jẹ irin náà ní òru ọjọ́ ìnáwó.

Àwọn kan yóò ní, “Olórin kì í ṣe olùṣọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Bí irin bá bàjẹ́, kí ó pààrọ̀ rẹ̀, kí ó lè jẹun.” Òótọ́ ni. Òógùn àti ọ̀rinrin ń mú irin dípẹtà, ọyẹ́ sì ń gbẹ igi. Láti ìgbà tí iye náírà ti já wálẹ̀ ní 1986, ẹni tí kò lè ra tuntun kò ní ṣàìtún ògbólógbòó ṣe. N kò ní kí ẹnikẹ́ni fi ebi pa ara rẹ̀ nítorí irin. Ohun tí mo ń wí ni pé àtúnṣe wà, ìbàjẹ́ sì wà.

Ìyàtọ̀ wọn kò ṣòro. Ìwọ̀n ni ohun àkọ́kọ́. Ihò etí àtijọ́ sábà máa ń tó mìlímítà 8 àbọ̀, ti àwọn tuntun sì máa ń tó 10. Bákan náà, láti okùn àkọ́kọ́ dé ìkẹfà lórí afárá Stratocaster àtijọ́ tó mìlímítà 56, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tuntun kò ju 52 lọ. Ẹni tí ó bá wọ̀n kí ó tó rà yóò rí irin tí ó bá ihò àtijọ́ mu, kò sì ní gbẹ́ igi. Irin ṣeé dá padà. Igi tí a bá ti gbẹ́ kò ṣeé dá padà. Èkejì, ẹ má ṣe da ohun tí ẹ yọ nù. Ẹ dì í sínú àpò, ẹ kọ ọjọ́ àti ìdí tí ẹ fi yọ ọ́ sára rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Èkìtì, ó yẹ kí a mọ iye ohun tí a ń pàdánù. Ní 1924, ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà ará Ìsẹ̀, gbẹ́ sí ààfin Ògògà ti Ìkéré lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley. Kò padà wálé mọ́. Ó di ti British Museum, a sì fi àga ọba tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dípò rẹ̀. Àga náà lè dára, ṣùgbọ́n ta ni yóò ka ìtàn Ìkéré lára rẹ̀?

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ kan rèé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín. Ẹ rán wọn lọ sí ilé ìjọsìn, sí ilé-ẹ̀kọ́, sọ́dọ̀ àwọn àgbà olórin. Kí wọ́n kọ ìtàn gìtá kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá rí: ta ni ó ni ín, irin wo ni a yọ, kí ni a fi rọ́pò rẹ̀. Kí wọ́n béèrè nígbà tí ẹni tí ó lè dáhùn ṣì wà láàyè. Ní tèmi, ihò mẹ́fà ni mo ń wò lójoojúmọ́ tí n kò lè dí.