Nígbà tí Àlejò Bá Béèrè Ọmọ Lórí Tẹlifóònù

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Kò sí ẹni tí ó dàgbà sí ilé Yorùbá tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ jókòó kọ́ ọ. Bí a bá bi ìyálé ilé léèrè iye ọmọ tí ó bí, yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní Ọlọ́run ni ó mọ iye wọn. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ní ayé ìgbà tí ṣànpọ̀nná àti èéyi ń pa ọmọ bí ẹni ń ká ilá, ẹni tí ó bá ń ka ọmọ ọlọ́mọ dà bí ẹni tí ń ṣe atọ́nà fún ikú. Ó yani lẹ́nu, nígbà náà, pé kíka ọmọ gan-an ni ó wá di ọ̀kan nínú ohun tí a fi ń dènà irú àrùn bẹ́ẹ̀. Amẹ́ríkà ni a ó ti fi ọ̀ràn náà ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ọ̀pọ̀ Yorùbá ni ó ń gbé Houston, Chicago àti ìpínlẹ̀ Maryland, tẹlifóònù sì lè dún nílé ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ó ń rí sí ìdènà àrùn níbẹ̀, CDC, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé ní 1994. Kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣẹ́ gègé nọ́ńbà tí wọn yóò pè. Olùpè kò mọ orúkọ ẹni tí yóò dá a lóhùn. Ó kọ́kọ́ ń béèrè bóyá ọmọ tí ó wà láàárín oṣù 19 sí 35 wà nínú ilé náà. Wọn kò ṣàdédé mú ọjọ́ orí yìí, nítorí púpọ̀ nínú abẹ́rẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni ó yẹ kí ọmọ ti gbà kí ó tó pé oṣù 18. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wà, olùpè yóò bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹni tí ó mọ̀ jù nípa abẹ́rẹ́ rẹ̀ wá sí ìdí tẹlifóònù, kí ó sì mú káàdì ọmọ náà dání. Lẹ́yìn èyí ni yóò tọrọ àyè láti kọ̀wé sí dókítà, nítorí pé ìyá tí kò rí oorun sùn tó láti ọdún kan àbọ̀ kò lè rántí gbogbo ọjọ́ tí wọ́n gún ọmọ rẹ̀ lábẹ́rẹ́.

Kí ni ó mú wọn ṣe gbogbo wàhálà yìí? Òfin àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ti là á sílẹ̀ pé ọmọ gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ kí ó tó wọ ilé-ìwé. Ìwé ilé-ìwé ń fi ipò ọmọ ọdún 5 tàbí 6 hàn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ti ọmọ ọdún 2 tí ó ṣì ń rá pálá lẹ́yìn ìyá rẹ̀? Ìwádìí kan wà tẹ́lẹ̀ tí ó ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó dáwọ́ dúró ní 1985. Láti 1986 sí 1990, kò sí iye kan fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Àárín àlàfo yìí ni èéyi, tí àwọn dókítà ń pè ní measles, gbà wọlé. Láàárín 1989 sí 1991, ó mú ènìyàn tí ó lé ní 55,000, ó sì pa èyí tí ó lé ní 120. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó mú jẹ́ ọmọdé tí kò tíì tó ilé-ìwé lọ, tí wọn kò gba abẹ́rẹ́ rí, pàápàá láàárín àwọn aláìní inú ìlú ńlá. Kì í ṣe pé abẹ́rẹ́ kò sí. Abẹ́rẹ́ èéyi ti wà ní Amẹ́ríkà láti 1963. Ọwọ́ ni kò tètè tẹ ìròyìn àwọn ọmọ tí abẹ́rẹ́ kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní 1994, ọdún kan náà tí ìwádìí orí tẹlifóònù bẹ̀rẹ̀, ni ètò abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ fún ọmọ aláìní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹlòmíràn lè wí pé, “Nínú ọ̀kẹ́ àìmọye ilé, kí ni tèmi yóò fi kún un?” Ẹni tí ń se ọbẹ̀ ni ó lè dá a lóhùn. Kò ní mu ìkòkò ọbẹ̀ tán kí ó tó mọ̀ bóyá iyọ̀ dọ́gba. Ṣíbí kan tó, bí ó bá ti rò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n bí iyọ̀ bá jókòó nísàlẹ̀, tí ó sì bù lókè, irọ́ ni ṣíbí náà yóò pa fún un. Ní 1936, ìwé ìròyìn Literary Digest fi káàdì ránṣẹ́ sí nǹkan bí mílíọ̀nù 10 ènìyàn ní Amẹ́ríkà, láti mọ ẹni tí yóò wọlé ìbò ààrẹ. Inú ìwé orúkọ àwọn tí ó ní tẹlifóònù àti ọkọ̀ ni wọ́n ti ṣa púpọ̀ wọn. Àwọn tí ó lé ní mílíọ̀nù 2 fèsì, ìwé ìròyìn náà sì kéde pé Landon ni yóò borí. Roosevelt ni ó mú ìpínlẹ̀ 46 nínú 48. Àwọn tí ó fèsì kò purọ́. Àwọn tí orúkọ wọn kò sí nínú ìwé náà, àti àwọn tí káàdì dé ọwọ́ wọn tí wọ́n jù ú nù, ni ó da ìṣirò rú.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ilé tí ó bá pa tẹlifóònù dé. Kì í ṣe ilé kan péré ni ó yọ lọ. Gbogbo ilé tí ó jọ ọ́ ni ohùn wọn dín kù, ìbáà ṣe ti ìyá tí ń ṣiṣẹ́ òru tàbí ti ẹbí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àwọn oníṣirò ní ọgbọ́n tí wọ́n fi ń tún irú àìdọ́gba yìí ṣe, ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Síbẹ̀, kò tọ́ kí a dá onílé lẹ́bi. Gbájúẹ̀ pọ̀ lórí tẹlifóònù, ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò sì tíì pé kì í fi ayọ̀ gbọ́ orúkọ ìjọba. Nígbà tí ìwádìí náà ń lo tẹlifóònù oníwáyà inú ilé, lẹ́tà máa ń ṣáájú lọ sí ilé tí wọ́n bá mọ àdírẹ́sì rẹ̀. Ní 2011 wọ́n fi tẹlifóònù alágbèéká kún un. Láti 2018 ni wọ́n sì ti fi oníwáyà sílẹ̀. Nọ́ńbà alágbèéká kò ní ojúlé, ìpè náà sì wá dà bí àlejò tí kò rán oníṣẹ́ ṣáájú. Nítorí náà, ẹnu olùpè ni iṣẹ́ kù sí. Ó gbọ́dọ̀ sọ orúkọ rẹ̀, ẹni tí ó rán an, àti ohun tí wọn yóò fi ìdáhùn náà ṣe. Ó gbọ́dọ̀ sọ pé kò sí ọ̀ranyàn níbẹ̀, àti pé òfin kò gbà kí a tú orúkọ ọmọ tàbí ti òbí rẹ̀ síta. Kò ní béèrè nọ́ńbà owó ẹnikẹ́ni ní báńkì. Onílé sì lè ní kí ó fún òun ní nọ́ńbà tí òun yóò fi pe ilé-iṣẹ́ náà padà. Olùpè tí ó bá bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, kí a yára gbé tẹlifóònù sílẹ̀ fún un.

Ọ̀nà kan tún wà tí ọ̀ràn yìí fi kan ọmọ Yorùbá tààrà. Ọmọ tí a bí ní Ìbàdàn, tí ó bá òbí rẹ̀ dé Maryland kí ó tó pé ọdún 2, lè ti gba abẹ́rẹ́ BCG ní kété tí a bí i, kí ó sì ti gba ti ibà pọ́njú ní oṣù 9; méjèèjì kò sí lára èyí tí wọ́n ń fún gbogbo ọmọ ní Amẹ́ríkà. Oṣù 9 yìí kan náà ni a ń kọ́kọ́ fún un ní ti èéyi ní Nàìjíríà. Ní Amẹ́ríkà, abẹ́rẹ́ èéyi tí ọmọ bá gbà kí ó tó pé oṣù 12 kò sí nínú ìṣirò. Dókítà yóò ní kí ó gba òmíràn. Dókítà Maryland kò sì ní àkọsílẹ̀ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn. Káàdì tí ìyá tì sí ìsàlẹ̀ àpótí ni ẹ̀rí tí ó wà. Bí tẹlifóònù bá dún, tí ìyá náà sì dáhùn láìwo káàdì pé, “Ó ti gba gbogbo rẹ̀,” òótọ́ ni ó sọ níwọ̀n bí ó ti mọ̀. Bí ó bá dìde lọ tú àpótí, tí ó mú káàdì jáde, tí ó ń ka ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sétí olùpè, òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbọ́ oṣù tí ọmọ rẹ̀ gba abẹ́rẹ́ èéyi, tí yóò sì lè bi dókítà léèrè nípa èyí tí ó kù.