Bí A Ṣe Ń Yan Kẹ̀kẹ́ Onírin Tòkúnbọ̀ fún Ọ̀nà Jíjìn

 

Nígbà tí akọ̀wé wa ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí kẹ̀kẹ́, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ṣé ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ló wá kù tí a ó sọ lọ́jọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́? Èmi kò bínú. Láti òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà bẹntiróòlù kan fò láti ìsàlẹ̀ ₦200 kọjá ₦500 láàárín oṣù kan, àwọn ọ̀dọ́ wa mẹ́ta ti wá bá mi nílé ní Deco Road pé àwọn fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ tó lè gbé àwọn rìnrìn àjò. Ọ̀kan nínú wọn ti fẹ́ sanwó kí ó tó wá béèrè. Irú kẹ̀kẹ́ tó fẹ́ rà yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe mí léṣe. Òun ló jẹ́ kí n gbà láti dìde síwájú yín lónìí.

Ẹ má rò pé ìwà òmùgọ̀ ni kí èèyàn gun kẹ̀kẹ́ rìn jìnnà. Gbogbo wa la mọ orúkọ Ọlábísí Àjàlá tí Ebenezer Obey fi kọrin, a sì máa ń rò pé alùpùpù Vespa nìkan ló gùn. Kí ó tó di ti Vespa, ní 1952, nígbà tó ń kàwé ní Chicago, kẹ̀kẹ́ lásán ló gùn láti ibẹ̀ dé Los Angeles, ó ju ẹgbẹ̀rún méjì máìlì lọ. Ará Poland kan, Kazimierz Nowak, gbé kẹ̀kẹ́ àlòkù kúrò ní Tripoli ní 1931, ó la Áfíríkà já dé ìpẹ̀kun gúúsù, ó sì padà dé Algiers ní 1936. Lóòótọ́ ó gun ẹṣin àti ràkúnmí, ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi níbi tí kẹ̀kẹ́ kò ti lè kọjá.

Ó di orí tèmi. Ní 2009 mo ra kẹ̀kẹ́ kan ní ₦18,000. Ó ń dán, ó ní sípíríǹgì níwájú, ó ní lẹ́yìn. Ojú ni mo fi rà á. Oṣù kẹrin ni mo gbé e gba ọ̀nà Sapele, mo di ẹrù díẹ̀ sẹ́yìn. N kò tíì rìn jìnnà tí mo fi gbọ́ tí nǹkan dún pọ́ọ̀ lábẹ́ ìjókòó. Férémù ti já. Mo ṣubú sójú títì, ọlọ́run ló yọ mí tí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn rí mi. Mo gbé òkú kẹ̀kẹ́ náà lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà mẹ́ta. Èkíní wò ó, ó mi orí. Èkejì bèèrè pé, "Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ pé alumíníọ̀mù nìyí?" Ẹ̀kẹta gbìyànjú rẹ̀, ihò ló fi lu. Alumíníọ̀mù kì í ṣe nǹkan tí wẹ́dà ojú ọ̀nà ń jó. Ẹ̀rọ tirẹ̀ yàtọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá sì jó o tán, ojú ibẹ̀ kì í lágbára tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́ àfi tí wọ́n bá tún fi iná tọ́jú rẹ̀.

Nítorí náà, irin ni kí ẹ rà. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n rọrùn: ẹ wá òòfà. Ẹ tú gbohùngbohùn rédíò tó ti bàjẹ́, òòfà wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé e kan férémù níbi mẹ́ta mẹ́rin. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni. Ẹ má ṣe gbé e kan fọ́ọ̀kì iwájú nìkan, torí fọ́ọ̀kì lè jẹ́ irin kí férémù má jẹ́ ẹ.

Kẹ̀kẹ́ tí mo fẹ́ràn jù ni èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní mountain bike, àwọn àtijọ́. California ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní nǹkan bí 1975 sókè, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á káàkiri ní 1981. Àwọn tí wọ́n ṣe láàárín 1985 sí bíi 1995, púpọ̀ nínú wọn kò ní sípíríǹgì rárá, irin wọn dára, táyà wọn nípọn, ọ̀pọ̀ sì ní ihò kéékèèké nítòsí àáké ẹ̀yìn tí a lè de káríà mọ́. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n kọ Cr-Mo tàbí 4130 sára irin, ẹ fara balẹ̀ wò ó dáadáa. Bí wọn kò bá sì kọ ọ́, irin ṣì ni irin, ó kàn wúwo díẹ̀ ni.

Ẹ tẹ́tí sí ti táyà, torí níbẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ èèyàn jẹ. 26 kì í ṣe 26. Táyà 26 x 1.95 àti 26 x 1 3/8 kò lè wọ ríìmù kan náà. Ríìmù ti àkọ́kọ́ jẹ́ 559 mìlímítà, ti èkejì 590. Èyí tó ní ojúàmì láàárín nọ́ńbà ni ti mountain bike. Ẹ ka ohun tó wà lára táyà kí ẹ tó ra òmíràn. Kẹ̀kẹ́ tuntun oní-29 lè wuni, ṣùgbọ́n bí táyà rẹ̀ bá bẹ́ ní abúlé kan, níbo lẹ ti máa rí òmíràn?

Ẹ yọ irin ìjókòó, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú férémù. Òjò Warri kì í ṣeré, omi a máa dúró sí ìsàlẹ̀ níbi tí pẹ́dàlì wà, ìpẹtà a sì jẹ ẹ́ látinú. Bí irin ìjókòó náà kò bá yọ rárá, ẹ dín owó tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ di òkùn mọ́ àáké ẹ̀yìn lápá kan, ẹ fà á yí ọrùn kẹ̀kẹ́ níwájú ká, ẹ mú un padà sí àáké lápá kejì. Àlàfo láàárín òkùn àti irin tó gbé ìjókòó dúró gbọ́dọ̀ dọ́gba ní ọ̀tún àti ní òsì. Bí kò bá dọ́gba, férémù ti tẹ̀. Ẹ wo abẹ́ ọ̀dà nítòsí ọrùn: bí ọ̀dà bá wú tàbí tí ó là, ẹ fura.

Ṣéènì ńkọ́? Ẹ gbé rúlà lé e. Láti àárín ìṣó kan sí ìṣó kẹrìnlélógún lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ íńṣì 12 géérégé. Bí ó bá ti di 12 àti ìdá kan nínú mẹ́jọ, ṣéènì ti lọ, ó sì ṣeé ṣe kó ti ba eyín jíà jẹ́ pẹ̀lú. Ẹ gbé táyà sókè, ẹ yí i, kí ẹ wò bóyá ó ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ búréèkì. Ẹ fọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ ríìmù. Bí búréèkì bá ti jẹ ẹ́ di kòtò, ríìmù náà ti ń kú lọ.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra èyí tó ga ju ọmọ lọ pé yóò dàgbà bá a. Bí ó bá dúró la irin òkè já, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ dáadáa, kí íńṣì méjì sí mẹ́ta sì ṣẹ́kù. Àwọ̀, ìpẹtà ojú lásán, ìjókòó tó ya, iye jíà, èyí kò tó ohun tí à ń torí rẹ̀ sá.

Ní 2010 mo ra èyí tí mò ń gùn títí dòní ní ₦14,000. Ó burẹ́wà. Ní oṣù kìíní 2011 mo gbé e láti Deco Road lọ sí Benin, ó tó 100 kìlómítà, mo sùn nílé àna mi. Lọ́jọ́ kejì mo kọrí sí Ọ̀wọ̀. Nítòsí Ifọ́n, irin káríà já. Wẹ́dà kan jó o láàárín ogún ìṣẹ́jú, ó gba ₦200, mo sì ń lọ. Ẹ rántí o: bó bá jẹ́ férémù fúnra rẹ̀ ló là, oníkábáìdì ni kí ẹ wá, torí iná mànàmáná líle máa ń lu irin tínrín. Mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni gba ọ̀nà yẹn lónìí láìbéèrè bí ó ṣe rí. Ẹ̀yin náà ń gbọ́ ìròyìn. Ọ̀sán gangan ni kí a máa rìn, kí a má sì dá rìn.

Kẹ̀kẹ́ náà wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn yìí, òòfà wà lápò mi, rúlà àti òkùn náà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ, kí ẹni tó fẹ́ wò ó wá bá mi. Ọ̀dọ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ wá.